Ikú Basile Lẹ́nu Abẹ̀bẹ̀ Onírin

Kò sí ohun kan lábẹ́ ọ̀run tí kò ní ìwọ̀n gbígbọ̀n tirẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ ní tirẹ̀, afárá orí omi ní tirẹ̀, àyà ọmọ ènìyàn pàápàá ní tirẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń lu igi láìbá ìwọ̀n náà mu, igi yóò tẹ̀ díẹ̀, yóò sì padà dúró. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ṣe kòńgẹ́ ìwọ̀n náà gan-an, tí ó ń tì í nígbà tí òun náà fẹ́ lọ, tí ó sì ń jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí òun náà fẹ́ bọ̀, atẹ́gùn tí kò lè ká aṣọ kúrò lórí okùn yóò wó ìrókò. Ọmọdé tí ń ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí jáńgílọ́fà mọ èyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ.

Ẹlẹ́dàá tí ó fi ìwọ̀n yìí sínú ohun gbogbo kò yọ irin sílẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé ayé òde òní, kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ̀rọ ńlá kan máa yí, ṣe ń kọ́kọ́ ya ẹ̀dà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n a mú ẹ̀dà náà yí, wọ́n a wo ibi tí gbígbọ̀n rẹ̀ wà, wọ́n a sì sá fún ibẹ̀. Ìtàn irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ kan nìyí, ẹ̀dà tí kò purọ́, ṣùgbọ́n tí gbogbo ènìyàn fi orúkọ èké pè fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, nínú ọ̀gbẹlẹ̀, abẹ̀bẹ̀ onírin tí ń fẹ́ ooru sí ekùrọ́ ní ilé iṣẹ́ àdín kan lẹ́bàá Yoko, ní ilẹ̀ Sakété, fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀rọ náà wúwo tó màlúù mẹ́ta. Ọ̀kan nínú àwọn ewé irin rẹ̀ la ògiri kọjá. Òmíràn bá Basile, ẹni tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ náà, ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọkọ Berthe, bàbá ọmọ méjì. Kò gbé ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sá jáde sí etí títì, wọ́n dúró síbẹ̀ bí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń fún fèrè lé wọn lórí. Ọ̀kan nínú wọn mú ife omi lọ́wọ́. Kò mu ún, kò sì gbé e kalẹ̀, títí ọlọ́pàá fi dé ní ọ̀sán.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti mú Elvire.

Elvire jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Òun ni ó ya ẹ̀dà abẹ̀bẹ̀ náà sínú kọ̀ǹpútà nígbà tí ilé iṣẹ́ fẹ́ kí ó yára sí i, kí ekùrọ́ lè tètè gbẹ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé bí ó bá yí ní ẹgbàá ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, yóò gbọ̀n dé ojú ikú. Ṣùgbọ́n egbèje péré ni ilé iṣẹ́ ń fẹ́, egbèje sì jìnnà sí ewu. Wọ́n tẹ̀lé ìwé náà. Ọjọ́ méjìlá ni ẹ̀rọ náà fi ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Ní ọjọ́ kẹtàlá, ó pa Basile.

Ẹjọ́ náà bọ́ sí ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́, Kọ̀mísẹ̀ tí ń ṣe àkóso ìwádìí ọ̀ràn ní Pobè. Obìnrin tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, kúkúrú, onísùúrù, tí í máa gun alùpùpù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn olè Pobè a máa sọ pé ó sàn kí ènìyàn bọ́ sí ọwọ́ ọkùnrin mẹ́ta tí ń pariwo ju kí ó bọ́ sí ọwọ́ obìnrin yìí tí ń béèrè ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ni ó gba ìwé ẹ̀sùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, Elvire gbọ́dọ̀ dúró níwájú agbẹjọ́rò ìjọba. Láti ibẹ̀, yálà kí ó lọ sílé, tàbí kí ó wọ ẹ̀wọ̀n.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá Sakété, ó bá ọmọbìnrin náà lórí àga gígùn kan, ojú rẹ̀ ti wú.

“Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ sí i, mà,” ni Elvire wí.

“Kí ni o fẹ́ fọwọ́ sí?”

“Pé èmi ni mo pa á.”

“Ṣé o pa á?”

“Ìṣirò mi ni wọ́n tẹ̀lé. Kí ló tún kù?”

Àbẹ̀kẹ́ fa àga sún mọ́ ọn. “Ọdún kẹrìnlélógún rèé tí mo ti ń gba ìjẹ́wọ́. Àwọn tí ó jẹ̀bi kì í kánjú báyìí. Ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀. Báwo ni o ṣe ń mọ ibi tí irin yóò ti gbọ̀n?”

“Mo máa ń sọ gbogbo nǹkan nípa rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Bí ọ̀pá àárín rẹ̀ ti gùn tó, bí ewé rẹ̀ ti wúwo tó, bí irin rẹ̀ ti le tó, títí dé ohun tí ó dúró lé. Lẹ́yìn náà ni màá mú un yí níbẹ̀, láti pẹ̀lẹ́ títí dé eré, màá sì máa wo ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í jà.”

“Kọ̀ǹpútà náà kò wá wo ẹ̀rọ gidi rí?”

“Kò ní ojú, mà. Ohun tí mo bá sọ fún un pé ó wà ni ó wà.”

“O sọ fún un pé ẹ̀rọ náà dúró lé kí ni?”

“Kọnkéré. Èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n lóṣù tó kọjá.”

Àbẹ̀kẹ́ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sínú ìwé rẹ̀, ó sì dìde. “Má fọwọ́ sí nǹkan kan títí di ọjọ́ Ajé. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé kálàmù fún ọ, sọ pé ọwọ́ ń dùn ọ́.”

Hermann, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà, gbà á ní ọ́fíìsì pẹ̀lú omi tútù àti aṣọ ọ̀fọ̀.

“Madáàmù Kọ̀mísẹ̀, bí ọmọ ìyá ni gbogbo wa níbí. Ọkàn wa ti gbọgbẹ́.”

“Ẹ kú ọ̀fọ̀. Kí ni ẹ rò pé ó fà á?”

“Ìwé ọmọbìnrin yẹn ni. Bí kò bá sì jẹ́ òun, a jẹ́ pé ará Nàìjíríà tó ta bíárìn tí ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ ń yí nínú rẹ̀ fún wa ni. Ẹ mọ irú ọjà wọn.”

“Èwo nínú méjèèjì?”

“Ẹ̀yin ni olùwádìí.”

Àbẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ẹni tí ń wá òtítọ́ a máa di ọ̀nà kan mú. Ẹni tí ń ṣọ́ nǹkan ni í la ọ̀nà méjì fún àlejò, bí àlejò kò bá ṣáà ti ní gba ẹ̀yìnkùlé òun kọjá.

Àgbà àwọn mẹkáníìkì ni ó mú un wọ gbọ̀ngàn. Ògúnṣínà ni orúkọ rẹ̀, ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé mẹ́ta. Òun ni ó bí Berthe, àna rẹ̀ sì ni òkú náà. Abẹ̀bẹ̀ méjì ni wọ́n gbé kalẹ̀ síbẹ̀ bí ìbejì. Ọ̀kan wà lódidi, a kò tí ì mú un yára rí. Èkejì ku férémù nìkan, tí bóòtù mẹ́rin dè mọ́ kọnkéré. Àbẹ̀kẹ́ rí i pé gbogbo ibi tí òun ń nàka sí ni bàbá náà ń wò, àyàfi ìsàlẹ̀.

Ó kúnlẹ̀. Ọ̀dà àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kun férémù náà, ó sì bo àwọn bóòtù dé orí. Ṣùgbọ́n lókè nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, níbi tí kò yẹ kí ohunkóhun ti fara kàn án, ọ̀dà náà ti fá dànù, irin sì ń dán bí ọ̀bẹ tuntun.

“Bàbá, ìgbà wo ni ẹ tú àwọn nọ́ọ̀tì yìí gbẹ̀yìn?”

“Láti ọjọ́ tí a ti gbé e síbẹ̀, a kò tú u.”

“Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ kú ìrọ́jú o.”

Nọ́ọ̀tì tí kò kúrò níbi kan kì í fá ọ̀dà tí ó wà lókè orí rẹ̀. Ohun tí Àbẹ̀kẹ́ rò nìyí bí ó ti ń ti alùpùpù rẹ̀ jáde. Ẹnìkan ti yí àwọn nọ́ọ̀tì náà gòkè, ó sì ti yí wọn padà sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí kí ni? Kò tí ì mọ̀ ọ́n, kò sì fẹ́ràn kí òun máa méfò.

Ó kọ́kọ́ lọ yanjú ọ̀nà kejì tí Hermann là fún un. Àlíyù, ọmọ Ìlọrin tí ó ti ń ta ohun èlò ẹ̀rọ ní ọjà Pobè fún ọdún mọ́kànlá, ń jẹun ní iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

“Kọ̀mísẹ̀, ṣé ẹ wá mú mi ni àbí ẹ wá ra nǹkan? Bí ẹ bá wá mú mi, ẹ jẹ́ kí n jẹun tán. Mo gbọ́ pé wọn kì í fi ata sí tiyín.”

“Wọ́n ní ayédèrú ni bíárìn rẹ.”

“Ta ló ní? Ọ̀gá Hermann? Ọjọ́ tó ń rà á, ó ní kò sí irú rẹ̀ ní Kútọnu.”

Àbẹ̀kẹ́ tú aṣọ kan, ó gbé bíárìn tí ó fọ́ náà sí iwájú rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú Àlíyù. Ó ti àwo oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó nu ọwọ́ dáadáa kí ó tó fi kàn án.

“Èyí tó wà níbẹ̀ gan-an nìyí?”

“Òun ni.”

Ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. “Ẹ wò ó, mà. Bí bíárìn bá burú, ooru ni yóò pa á. Yóò dúdú bí aró, gíríìsì inú rẹ̀ yóò jóná di ẹ̀dú. Èyí funfun bí eyín ọmọ ọwọ́, gíríìsì rẹ̀ ṣì tutù. Ńṣe ló là sí méjì. Ohun kan ló lù ú, ó lù ú, ó sì tún lù ú. Òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ìjà náà. Wọ́n bá a nílé lù ú ni.”

“Ṣé o lè búra?”

“Mo lè fi ìyá mi búra, ó sì wà láàyè, ó sì máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi láti Ìlọrin.”

Ọ̀nà kejì dí. Àbẹ̀kẹ́ padà sí Yoko ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan náà, ó sì gba ẹ̀yìn ògiri ilé iṣẹ́ náà lọ, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ń gbé. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Béatrice ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé ariwo ẹ̀rọ yẹn ti ń dà yín láàmú.”

“Ariwo kọ́ ni, ìyá. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú un yára, ilẹ̀ ni ó ń kùn lábẹ́ ẹní wa. Wọn ì báà fi yí pẹ̀lẹ́ láàárọ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀. Bí mo bá bu omi sínú àwo, ojú omi á máa ṣẹ́ bí ẹni pé òjò ń wín sí i. A lọ bá ọ̀gá wọn ní Ọjọ́rú. Ó ní òun gbọ́.”

“Ní Ọjọ́bọ̀ ńkọ́? Kí ó tó fọ́?”

Béatrice dá ọ̀bẹ dúró. “Ọjọ́bọ̀. Wọ́n tan án ní aago méje, bí ìṣe wọn, wọ́n ń fi yí pẹ̀lẹ́ kí ekùrọ́ kọ́kọ́ gbóná. A gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ dákẹ́. Omi tẹ́ nínú àwo mi bí dígí. Mo tilẹ̀ sọ fún bàbá àwọn ọmọ pé ọ̀gá náà ṣe bẹbẹ. Ìgbà tí wọ́n mú un yára láago mẹ́wàá, ilẹ̀ fò sókè, a sì gbọ́ igbe.”

Àbẹ̀kẹ́ ro ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Ọjọ́ méjìlá ni ẹ̀rọ náà fi mi ilẹ̀ láìpa ẹnikẹ́ni. Àárọ̀ tí kò mi ilẹ̀ ni ó pànìyàn. Ohun kan ti bọ́ sí àárín òun àti ilẹ̀, ohun tí ó nípọn tó láti gbé nọ́ọ̀tì mẹ́rin gòkè. Wákàtí méjì lẹ́yìn ikú, nígbà tí ọlọ́pàá dé, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìlú ara rẹ̀ ni ìdáhùn ti wá bá a. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó gbé àgbàdo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ládiípọ̀ ní Pobè láti lọ̀ ọ́. Bí ó ti ń dúró, ojú rẹ̀ bọ́ sí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì náà.

“Ládiípọ̀, kí ni wọ̀nyí?”

“Èyí? Táyà ọkọ̀ akẹ́rù ni, ìyá. Ègé mẹ́rin. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnì á máa jó káàkiri ṣọ́ọ̀bù bí ìyàwó ojú ọ̀nà, àwọn aládùúgbò á sì máa bú mi pé ilé àwọn ń mì.”

“Ta ló kọ́ ọ?”

“Ta ni ì bá kọ́ wa bí kò ṣe Bàbá Ògúnṣínà? Kò sí ẹ̀rọ ìlọta kan láti ibí dé Sakété tí kì í ṣe àwọn ló kọ́ ẹni tó gbé táyà sábẹ́ rẹ̀. Àwọn náà ni wọ́n ní kí a máa ra bóòtù gígùn, kí ààyè lè wà fún un.”

Àbẹ̀kẹ́ bẹ̀ ẹ́ fún ègé táyà kan, ó sì gun alùpùpù rẹ̀.

“Ìyá, àgbàdo yín ńkọ́?”

Kò gbọ́.

Ní Sakété, ó gbé kọ̀ǹpútà Elvire sí iwájú rẹ̀. “Ọmọ mi, gbé abẹ̀bẹ̀ náà kúrò lórí kọnkéré.”

“Kí n gbé e sórí kí ni?”

Àbẹ̀kẹ́ fi ègé táyà náà lélẹ̀. Elvire wò ó pẹ́. Kò béèrè ohunkóhun mọ́. Ó ní òun gbọ́dọ̀ mọ bí ó ti rọ̀ tó. Wọ́n gbé pákó lé e, ọlọ́pàá mẹ́ta sì gun orí pákó náà, wọ́n di ara wọn mú bí ẹni ń sọdá odò, bí ọmọbìnrin náà ti ń fi rúlà wọn bí táyà ti tẹ̀ tó lábẹ́ wọn.

“Mà, ẹ̀ṣẹ̀ wo la ṣẹ̀?” ni ọ̀kan nínú wọn béèrè.

“Ẹ ti sanra jù. Ẹ dúró dáadáa.”

Elvire tẹ iye náà sínú kọ̀ǹpútà. Abẹ̀bẹ̀ inú dígí bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ìlà pupa kan sì ń wọ́ lọ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní ẹgbẹ̀ta yíyí, ìlà náà tẹ́. Ní ẹgbẹ̀rún, ó gbéra díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gbórí sókè, ó sì ta gan-an bí igi àgbọn tí ó dá dúró láàrin pápá. Elvire fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò bí ẹni tí ó fọwọ́ kan iná.

“Iye mélòó nìyẹn?” ni Àbẹ̀kẹ́ béèrè.

“Egbèje dín mẹ́wàá.”

“Iye mélòó ni wọ́n fi ń yí i?”

“Egbèje,” ni ọmọbìnrin náà wí. Àwọn ọlọ́pàá mẹ́ta náà ṣì wà lórí pákó, kò sí ẹni tí ó rántí láti sọ̀ kalẹ̀. Elvire ṣàlàyé pé ohun tí ó dúró lé ibi líle a máa gbọ̀n kíákíá, ohun tí ó dúró lé ibi rírọ̀ a sì máa gbọ̀n pẹ̀lẹ́. Táyà náà ti fa ibi ewu wálẹ̀ láti ẹgbàá, ó sì gbé e kalẹ̀ gẹ́lẹ́ sí ibi tí ilé iṣẹ́ ń fi ẹ̀rọ náà yí.

“Ẹ̀rọ ìlọta kì í yí tó bẹ́ẹ̀,” ni ó wí. “Ìdí nìyẹn tí kò fi ṣe é ní nǹkan kan.” Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà. “Iṣẹ́ Bàbá Ògúnṣínà nìyí, ṣùgbọ́n wọn kò lè ṣe é láìsọ fún mi. Ọmọ àwọn ni wọ́n ń pè mí.”

“O kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?”

“Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá. Gbogbo Ọjọ́rú ni mo máa ń béèrè.”

Ó wà nínú fóònù rẹ̀. Ní Ọjọ́rú, ó kọ ọ́ ránṣẹ́ pé: *Ṣé ohun gbogbo ṣì wà bí mo ti wọ̀n ọ́n?* Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, Hermann dá a lóhùn: *Ohunkóhun kò yí padà.*

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Àbẹ̀kẹ́ wọ ilé Ògúnṣínà ní Sakété. Berthe wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ opó, ó gbé omi wá fún àlejò. Àbẹ̀kẹ́ fẹ́ kí ó jáde, ṣùgbọ́n bàbá náà ti rí ègé táyà tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bàbá, ta ni ó ní kí ẹ yọ wọ́n?”

Ògúnṣínà jókòó láìmọ̀ pé òun ń jókòó. “Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ. Kò pa ẹnikẹ́ni rí.”

“Mo mọ̀, Bàbá. Ta ni ó ní kí ẹ yọ wọ́n?”

“Àwọn ará Yoko wá ní Ọjọ́rú. Ọ̀gá pè mí, ó ní kí n wá nǹkan ṣe sí i. Mo ní táyà ni. Ó ní ó dára, kí n ṣe é kí n tó lọ sílé. Mo ní ṣé kí á sọ fún Elvire. Ó ní kọ̀ǹpútà kò mọ táyà.” Ó wo ègé táyà náà. “Nígbà tí ó ṣẹlẹ̀, tí gbogbo wọn ti sá jáde, ó bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú àna mi. Ó ní kí n yọ wọ́n kíá. Ó ní bí ọlọ́pàá bá rí wọn, gbogbo ayé ni yóò mọ̀ pé èmi ni mo sọ ọmọ mi di opó.”

Ife omi já bọ́ lọ́wọ́ Berthe. Ó wo omi náà bí ó ti ń lọ lábẹ́ ẹní, ó sì wo bàbá rẹ̀ bí ẹni tí ń wo ilé tí kò mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́.

“Ọjọ́ mẹ́rin ni ẹ fi ń gbé mi dìde jẹun, Bàbá,” ni ó wí. “Ọmọ ẹlòmíràn sì wà ní àtìmọ́lé.”

Ògúnṣínà bo ojú. Àbẹ̀kẹ́ tí ó ti rí òkú, tí ó ti rí apànìyàn, kò mọ ibi tí òun yóò gbé ojú sí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá kan kò tó. Hermann yóò sọ pé àgbàlagbà ń purọ́ láti gba ara rẹ̀. Nítorí náà, ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Àbẹ̀kẹ́ kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sínú gbọ̀ngàn, ní iwájú abẹ̀bẹ̀ kejì tí ó wà lódidi. Elvire wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọlọ́pàá méjì. Wọ́n ti fi àpò bo ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà.

“Mùsé Hermann,” ni Àbẹ̀kẹ́ wí, “ẹ ní ìṣirò ọmọ yìí nìkan ló lẹ́bi. Ìbejì èyí tó fọ́ ni èyí. Mo fẹ́ kí á mú un dé egbèje, kí ẹ̀yin dúró síbi tí Basile dúró sí, kí ẹ fi ibi tí àṣìṣe rẹ̀ wà hàn wá.”

“Ìṣirò rẹ̀ kò dára. Ewu ni.”

“Ọjọ́ méjìlá ni ẹ fi ṣe é láìséwu. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni mo bẹ̀ yín.”

Àwọn òṣìṣẹ́ ń wò ó. Hermann wá dúró, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ògúnṣínà tan ẹ̀rọ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ohùn rẹ̀ ń ga díẹ̀díẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ rọra bẹ̀rẹ̀, ó sì ká àpò náà kúrò.

Ègé táyà mẹ́rin ni ó wà lábẹ́ rẹ̀, dúdú, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.

Hermann rí wọn. Kí ẹnikẹ́ni tó mí èémí kan, ó ti fò dé ibi ìdádúró, ó sì fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ lu bọ́tìnì pupa. Ẹ̀rọ náà kẹ́dùn, ó rọ̀, ó dúró.

“Ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni?” ni ó wí.

“Kí ni yóò pa wá?” ni Àbẹ̀kẹ́ béèrè. “Gbogbo wa ni a wo ègé táyà wọ̀nyí. Kò sí ẹni tí ó sá níbí àyàfi ẹ̀yin. Ní Ọjọ́bọ̀, ta ló sọ fún yín pé táyà lè fọ́ abẹ̀bẹ̀, Mùsé Hermann, tí ẹ kò fi sọ ọ́ fún ọlọ́pàá?”

Àwọn òṣìṣẹ́ ń wo ọwọ́ rẹ̀ tí ó ṣì wà lórí bọ́tìnì náà. Elvire ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohùn kékeré: ó ní kí wọ́n má bẹ̀rù, òun ti ti ẹ̀rọ náà mọ́ ẹgbẹ̀ta yíyí láti àárọ̀, kò lè kọjá ibẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn mẹkáníìkì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wọn ṣe parí. Agbẹjọ́rò ìjọba tú Elvire sílẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé náà. Oṣù mẹ́ta ni ó fi wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí ó tó tún lè ṣí kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn èyí ó rí iṣẹ́ ní Kútọnu. Hermann jẹ́wọ́ pé òun ti ka ìkìlọ̀ nípa ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ nínú ìwé Elvire kí òun tó pàṣẹ táyà, òun kò sì kà á sí. Ilé ẹjọ́ rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin. Wọ́n dá Ògúnṣínà lẹ́bi nítorí yíyọ tí ó yọ táyà náà, ṣùgbọ́n wọn kò fi í sẹ́wọ̀n. Ó fi iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀, ó ń dáko. Àlíyù ṣì wà ní ọjà Pobè. Táyà ṣì wà lábẹ́ ẹ́ńjìnì Ládiípọ̀, níbi tí kò ti ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi, Àbẹ̀kẹ́ sì rán ènìyàn lọ gba ìyẹ̀fun rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta. Ilé iṣẹ́ náà ṣí lẹ́yìn oṣù márùn-ún lábẹ́ ọ̀gá mìíràn.

Wọ́n sin Basile sí Aguidi, lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀. Ibẹ̀ ni Berthe kó àwọn ọmọ lọ, ibẹ̀ ni ó sì ń gbé. Fún ọdún kan àti oṣù méjì, kò bá Ògúnṣínà sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó di oṣù kẹta lẹ́yìn ọdún náà, ó rán àwọn ọmọ méjèèjì lọ kí i.